"Run" Mẹ́tàléláàádọ́rin àti Iṣẹ́ Kan Tí Mi Ò Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì nítorí iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa yàn, mo kí yín. Ògbufọ̀ ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi jókòó sáàárín èèyàn méjì tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, nílùú Libreville níbí, níbi tí Faransé ti gbòde, tí mò ń gbé ọ̀rọ̀ ti ọ̀tún fún ti òsì. Bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san kò gba àlàyé: mo jẹun, mo tọ́ ọmọ mẹ́ta, ó tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà, àti ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n gbé, tí mi ò gbé. Obìnrin kan ló fara gbá a. Ọmọ obìnrin náà ò mọ̀. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, olóore ìyá rẹ̀ ló ń pè mí. Ohun tí mò ń bi ara mi ní gbogbo ọdún yẹn kò ju ọ̀kan lọ: ṣé màá sọ fún un kí n tó kú, àbí màá gbé e wọ sàréè?

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì rò pé mo ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán. Faransé nìkan ni mo mọ̀ pé mi ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta aṣọ ní Mont-Bouët, ọjà tó tóbi jù nílùú yìí, ló mú mi lọ bá ẹni tó máa kọ́ mi. Ará Kétu ni, Nàgó pọ́ńbélé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mẹ́tírì ni gbogbo ọjà ń pè é, torí ó ti ṣe olùkọ́ rí, bí wọ́n sì ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn. Yàrá kékeré kan ló ní lẹ́yìn àwọn tó ń ta ike: tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí lẹ́tà "e" rẹ̀ ti kán. Ẹni tó bá mọ Faransé mọ̀ pé láìsí "e", kò sóhun tí èèyàn máa tẹ̀ tó máa ṣeé kà. Bírò ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Yorùbá tó bá ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà máa ń gbé e wá kó sọ ọ́ di Faransé. Àwọn tí ò mọ̀wé sì máa ń mú un dání lọ sí ọ́fíìsì àti ọsibítù.

Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ó bi mí pé kí ni "run". Mo dìde bí ọmọ iléèwé, mo ní, "Sísáré ni, sà." Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé omi ẹ̀rọ tó bá ń "run", ta ló ń lé e? Ó fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ní lójoojúmọ́ kí n máa wá gbólóhùn kan tí "run" wà nínú rẹ̀, kí n sọ ọ́ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi ní Ṣakí, kí n má sì lo "sáré".

Báyìí ni ìyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyà tí mo wá fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ọmọ tí imú rẹ̀ ń "run", ikun ló ń dà nímú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń "run" láti Mont-Bouët lọ sí Akanda, ó ń ná ọ̀nà Akanda ni. Obìnrin tó ń "run" ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń bójú tó o. Aṣọ tó "run" nínú omi, aró rẹ̀ ló ṣí. Ẹni tó "run" fún ipò, ṣe ló du ipò. Ìwé ìgbélùú tó ṣì ní oṣù méjì láti "run", oṣù méjì ló kù kó parí. Ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń "run" nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan ló dá mi lágara jù. Mo kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, Mẹ́tírì fi bírò pa á rẹ́, ó ní iṣẹ́ kí ló ń ṣe nígbà tí kò lọ síbì kankan? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ronú. Níkẹyìn, mo lọ bá mẹkáníìkì wa kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún, mo ní kí lẹ̀ ń pe èyí. Kò tiẹ̀ yọ orí jáde. Ó ní, "A ò tíì pa á ni." Mo sáré padà lọ sọ́jà, ìyẹn gan-an ni sísáré. Mẹ́tírì kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ra búrẹ́dì àti sàdíìnì fún mi. Láyé mi, mi ò tíì jẹ sàdíìnì tó dùn tó yẹn.

"Run" mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo kọ kó tó ní ó tó. Ó ní òun ò kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì o, òun fẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì jẹ́ nǹkan kan títí dìgbà tí mo bá mọ ẹni tó rán an níṣẹ́ àti ẹni tó rán an sí.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò gbọdọ̀ la ẹnu níwájú oníbàárà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi bírò kọ "e" sí gbogbo ìwé tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde, kí n sì máa wo bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe. Kò gbà kí n jẹ ẹ̀pà láàárọ̀, ó ní ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Bí mo bá pẹ́ dé, màá bá ilẹ̀kùn ní títì, màá sì jókòó síta títí di ọ̀sán láàárín àwọn tó ń ta ike, tí wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Òfin tó le jù ni ti "èmi". Bí obìnrin bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, "ẹ̀yìn ń dùn mí" ni ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ sọ. Kò gbọdọ̀ sọ pé "ó ní". Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn àwọn aláboyún ló mú mi lọ, kí n gbẹnu sọ fún obìnrin kan. Èmi tí irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi, mo fi Faransé sọ fún nọ́ọ̀sì pé oyún mi ti pé oṣù mẹ́ta, èébì ò sì jẹ́ kí n gbádùn. Gbogbo obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mẹ́tírì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a jáde, ó ní mo ṣe é dáadáa. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín máa ń pa mí, àárò rẹ̀ á sì tún sọ mí.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ló bí mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣe là ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ń fi òwe yẹn ṣiṣẹ́ láì fura. Onílé kan, ọmọ ilẹ̀ yìí, bínú sí télọ̀ wa kan, ó pè é ní olè, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé òun. Àgbàlagbà ni télọ̀ náà, ojú ń tì mí fún un. Mo sọ fún un pé onílé ní ọ̀rọ̀ ilé náà ò tíì yé òun dáadáa. Télọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n bá òun kí ìyàwó onílé. Onílé rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín, ló bá gbé ọwọ́ sókè. Mẹ́tírì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló wọlé tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé bó ṣe rí. Télọ̀ gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó dáhùn bí ọkùnrin, wọ́n sì parí ìjà náà kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tá a padà dé yàrá wa, Mẹ́tírì ní kí n jókòó. Ó ní, "Nínú yàrá yìí, a ò ní òwe yẹn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán ẹ, iṣẹ́ ẹrú ni kó o jẹ́. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ló mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Etí mi gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú mi.

Ọdún kejìlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ Ìyá Múínátù ṣẹlẹ̀. Ará Ìgbòho ni, ó ń ta abọ́ onítanganran ní Mont-Bouët, ó sì ń gbé ní Sibang pẹ̀lú Múínátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dà á láàmú. Mẹ́tírì ti ń dàgbà, èmi ni mo máa ń bá a lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, dókítà wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó tún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Obìnrin ni dókítà náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n bi í bóyá ó ń lo oògùn tí òun kọ fún un lójoojúmọ́. Mo bi í. Ìyá Múínátù wolẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àbúrò, mi ò lò ó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin wà ní Ìgbòho, àìsàn kan náà ló ń ṣe wá, kò sì rí oògùn yìí rà níbẹ̀. Ìdajì ni mò ń lò, mò ń fi ìdajì ránṣẹ́ sí i. Jọ̀ọ́, má sọ fún dókítà, kó má rò pé mi ò moore. Bá mi bo àṣírí."

Ẹ fi ara yín sípò mi. Obìnrin tó jù mí lọ dáadáa, tó pín ẹ̀mí rẹ̀ sí méjì nítorí ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń bẹ̀ mí pé kí n bo òun láṣìírí. Ọmọ Yorùbá wo ló máa tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ níwájú àjèjì? Mo gbé ojú sókè, mo sì fi Faransé sọ, ní ohùn "èmi" tí ọ̀gá mi kọ́ mi, pé bẹ́ẹ̀ ni, dókítà, mò ń lò ó lójoojúmọ́.

Dókítà bá gbà pé oògùn náà ò lágbára tó. Ó kọ méjì míì tó le ju ìyẹn lọ, ó sì kìlọ̀ fún Ìyá Múínátù gidigidi pé bí kò bá lò wọ́n pé, ikú ló ń wá. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo wá gbé láì yọ ẹyọ kan. Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pín in fún ẹnì kankan, gbogbo rẹ̀ ló lò. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó lọ wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lulẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ló kán.

Mo lọ bá Mẹ́tírì, mo jẹ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé dókítà ti mọ̀. Mo ní rárá. Ó ní kí n dìde lójú ẹsẹ̀. Mo lọ sọ fún dókítà, ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, ó yí oògùn náà padà. Kò bú mi. Ó kàn ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá fi oògùn àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, òun ì bá sì bá wọn wá bí ti àbúrò rẹ̀ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èyí ló dùn mí jù, ó sì ń dùn mí dòní.

Oṣù mẹ́ta ni Mẹ́tírì fi pa mí lẹ́nu mọ́. Èmi, ọkùnrin tó ti níyàwó, mo padà sídìí bírò, mò ń kọ "e". Ó tún ní mo gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá náà àti ọmọ rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá dé Sibang, màá bá Ìyá Múínátù lórí àga, kò lè dìde mọ́, kò sì mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn ló ń dí mi lẹ́nu. Ọdún méjì ló lò lórí àga kó tó kú. Kó tó kú, ó sọ fún Múínátù pé èmi ni ẹnu òun nílùú yìí, kó má fi mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa irinṣẹ́, torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìyẹn. Ẹ̀rọ Mẹ́tírì kú ikú àgbà. A ra kọ̀ǹpútà, "e" rẹ̀ pé, mi ò sì mọ ohun tí màá fi bírò mi ṣe mọ́. Mẹ́tírì padà sí Kétu, ibẹ̀ ló sì kú sí. Àwọn tó ń ta ike tú ká. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún. Lẹ́yìn náà ni fóònù tó ń túmọ̀ èdè dé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí Faransé ti gba ẹnu rẹ̀ tán, ní òun fẹ́ dán an wò níwájú mi. Mo ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé imú mi ń "run". Fóònù ní imú mi ń sáré. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó tó ọdún méjì, ó tún bi í. Fóònù ní ikun ń dà nímú mi! Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Mo wo fóònù náà, ó ṣe mí bíi kí n ra sàdíìnì fún un.

Mo fẹ̀yìn tì. Múínátù ti di Mina báyìí, ó ń ta oògùn nílé oògùn kan ní Akanda. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú èmi náà, òun ló sì ń gbé oògùn mi wá lóṣooṣù láìka bí Akanda ṣe jìnnà sí. Ní oṣù kan, ó jókòó níwájú mi, ó ń ka oògùn tó ṣẹ́ kù nínú páálí. Tonton ló máa ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò ìyá ẹni ní Faransé. Ó ní, "Tonton, ṣé ẹ̀ ń lò ó tous les jours?"

Òótọ́ ni pé mò ń lò ó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kan náà ni, ọmọ ẹni tí wọ́n bi nígbà náà ló sì ń bi mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá òun sọ gan-an. Mo sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́. "Bo àṣírí" ò yé e, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Mina dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ láì dágbére.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, onítakisí kan ló gbé oògùn wá. Kò sí ìwé, kò sí ìkíni. Mo gbà pé ó tán nìyẹn, mo sì sunkún bí ọmọdé, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín.

Nínú oṣù kẹta, ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, ó wá fúnra rẹ̀. Kò kí mi pẹ́. Ó ní àbúrò ìyá òun tó wà ní Ìgbòho ṣì wà láàyè, gbogbo ìgbà tí òun bá sì pè é, ṣe ló máa ń sunkún, tó máa ń sọ ohun kan tí Yorùbá òun ò gbé. Ó ní lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo sọ, òun ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ohun tí obìnrin náà ń sọ ni pé òun ló jẹ oògùn ẹ̀gbọ́n òun, òun ló pa á.

Mina gbé fóònù sáàárín wa. Ó ní, "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ, Tonton. Gbogbo ẹ̀."

Ohùn àgbàlagbà kan jáde láti Ìgbòho. Mina fi Yorùbá kékeré tó ní kí i, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Faransé, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èmi náà ń gbé e bó ṣe ń bọ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa màmá mi. Oògùn tó pín fún yín kọ́ ló gbé e ṣubú. Dókítà bi í, ó sì sọ òtítọ́ lẹ́nu ara rẹ̀." Mina wá sọ ti ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ tó rọ̀ wá sí mi lẹ́nu, pé ògbufọ̀ náà ṣèèṣì, pé kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn ló purọ́. Irọ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi fún màmá mi ní oògùn tó ju agbára rẹ̀ lọ. Mi ò tíì dárí jì í."

Mò ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń mí, mo sì ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bi wá pé ta ni ògbufọ̀ ọ̀hún, ṣé ó ṣì wà láyé?

Mo sọ ìbéèrè náà di Faransé fún Mina. Ó wò mí, ó sì dáhùn. Mo gbé ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe wí i.

"Ó wà láyé, Àǹtí. Òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."